Ọdún 1789 Kì Í Ṣe Ti Òyìnbó Nìkan

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé ìwé girama kan ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìfọ̀n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1789, bó bá jẹ́ ọmọ tó ń fọkàn sí ìwé rẹ̀, yóò sọ fún yín pé ọdún náà ni ará Paris ya bo ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille, tí ìjọba ọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ní ilẹ̀ Faransé. Ó lè fi kún un pé ọdún náà ni wọ́n búra fún George Washington, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ọmọ náà gbìyànjú. Ẹ wá bi í pé ta ló wà lórí ìtẹ́ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún yẹn, ta ló wà ní Bìní, kí ni wọ́n ń rù kọjá ní Ìfọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń ná ọjà Bìní. Yóò dákẹ́. Ẹ má bá a wí, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká wa lára. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹ̀kọ́ Ìtàn ń padà bọ̀ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn wo ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ? Bó bá jẹ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Paris tó sì parí sí London ni, ojú fèrèsé ilé onílé ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa wo ayé. Ohun tí àwa ń sọ ni pé ọdún 1789 ṣẹlẹ̀ níbí pẹ̀lú. Ọwọ́ wa wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí ilé ìwé tó wà ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ máa kọ́ ọ láti ilé lọ sí òde.

Ọ̀yọ́ Ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1789 ni àwọn onímọ̀ ìtàn fi ikú Aláàfin Abíọ́dún sí. Abíọ́dún ló bọ́ àjàgà Baṣọ̀run Gáà kúrò lọ́rùn Ọ̀yọ́ ní 1774, lẹ́yìn tí Gáà ti fi ọba jẹ, tó ti fi ọba wàjà, bó ṣe wù ú. Òwe tí wọ́n fi ikú Gáà pa kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan. Ọdún 15 tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń rántí bí àsìkò ọ̀pọ̀: owó ń bẹ, ọjà ń lọ, àṣẹ Aláàfin ń dé ọ̀nà jíjìn. Dahomey ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un lọ́dọọdún. Kpengla, ọba Dahomey, gorí oyè ní 1774 gan-an tí agbára bọ́ sọ́wọ́ Abíọ́dún. Ní 1789 kan náà ni ṣànpọ̀nná pa á, tí Agonglo ọmọ rẹ̀ sì jọba. Ìtẹ́ méjì tó lágbára jù lọ ní ìwọ̀ oòrùn sí wa ṣófo láàárín ọdún kan, ọdún tí ìtẹ́ Faransé náà ń mì. Agbára Ọ̀yọ́ kò sì tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàrìbá ti kọ́kọ́ ṣẹ́ wọn lápá ní 1783, nígbà tí Abíọ́dún ṣì wà láyé. Ní 1791, lábẹ́ Awólẹ̀ tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, Nupe tún ṣẹ́gun wọn. Orin tí àwọn baba wa fi ayé ọba méjèèjì wéra ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà.

A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí owó ayé Abíọ́dún ti ń wá. Òun ló mú ọjà Ọ̀yọ́ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ẹrú ni ọjà tó tóbi jù níbẹ̀. Àwọn tí ogun kó, àwọn tí wọ́n jí gbé lójú ọ̀nà oko, ni wọ́n ń dè mọ́ra wọn tí wọ́n ń kó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ibi tí ọ̀pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ Faransé ń kó wọn lọ ni Saint-Domingue, tí à ń pè ní Haiti lónìí. Ní 1789, àwọn ẹrú tó wà ní ibẹ̀ sún mọ́ ìdajì mílíọ̀nù, àwọn òyìnbó ibẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 30 lọ. Ṣúgà àti kọfí tí wọ́n ń mu ní ilẹ̀ Faransé, òógùn wọn ni. Àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, Nagó ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí di òní olónìí, Ògún ń jẹ́ Ogou ní Haiti, wọ́n ń fi idà àti aṣọ pupa bọ ọ́. Ọmọ tí a bá sọ ọlá Ọ̀yọ́ fún gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa àwọn tí wọ́n tà kí ọlá náà tó dúró. Bí a bá fi ìdajì yẹn pamọ́ fún un, a ti purọ́ fún un.

Ní Paris, ebi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje 1788, yìnyín wó àlìkámà mọ́lẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kórè rẹ̀. Òtútù burúkú tó tẹ̀lé e tún dá kún un. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, owó búrẹ́dì ti ga débi pé púpọ̀ nínú owó tí lébìrà ń gbà lójúmọ́, orí búrẹ́dì ló ń parí sí. Ìjọba wà nínú gbèsè tó bò ó mọ́lẹ̀, apá kan gbèsè náà sì jẹ́ ti ogun tí wọ́n gbè sẹ́yìn Amẹ́ríkà jà kí Amẹ́ríkà lè bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Louis Kẹrìndínlógún pe aṣojú àwọn àlùfáà, àwọn ọlọ́lá àti àwọn mẹ̀kúnnù jọ ní Versailles ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, nítorí ọ̀rọ̀ owó. Àwọn aṣojú mẹ̀kúnnù kọ̀ láti jókòó sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹfà wọ́n kéde pé àwọn ni ìgbìmọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, èrò ya bo Bastille, ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń wá; ẹlẹ́wọ̀n 7 péré ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá, àwọn obìnrin ọjà fẹsẹ̀ rìn láti Paris dé Versailles nínú òjò, wọ́n ń bèèrè búrẹ́dì. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú ọba àti olorì rẹ̀ bọ̀ wá sí Paris. Ẹni tó bá mọ bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ṣe dìde lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1947, tí Aláké fi fi ìlú sílẹ̀, yóò mọ irú ìyá tí a ń wí.

Láàárín gbogbo èyí, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn àti ti Ọmọ Ìlú, tó ní òmìnira ni wọ́n bí gbogbo ènìyàn sí, ẹ̀tọ́ wọn sì dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí. Nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú ìkéde náà, àwọn olóko Saint-Domingue wá bèèrè àga nínú ìgbìmọ̀ kan náà, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n ka àwọn ẹrú wọn mọ́ iye àwọn tí wọ́n ń ṣojú fún, kí àga wọn lè pọ̀. Mirabeau, ọ̀kan lára àwọn aṣojú nínú ìgbìmọ̀ náà, ló dá wọn lóhùn: bí àwọn ẹrú bá jẹ́ ènìyàn, ẹ dá wọn sílẹ̀ kí wọ́n dìbò, bí wọn kò bá sì jẹ́ ènìyàn, Faransé náà yóò ka ẹṣin àti ìbaaka tirẹ̀. Wọ́n fún àwọn olóko ní àga 6, oko ẹrú sì ń bá iṣẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà: ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ni Washington búra ní New York, òun fúnra rẹ̀ ní ẹrú lóko rẹ̀, òfin tó sì búra lé lórí ń ka ẹrú 5 sí ènìyàn 3 nígbà tí wọ́n bá ń pín àga aṣòfin. Àwọn tó wà nínú oko ìrèké ní Saint-Domingue kò dúró kí ẹnikẹ́ni wá ka àwọn. Ní oṣù Kẹjọ 1791 wọ́n dìde, wọ́n jà fún ọdún 12 ó lé, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1804 Haiti sì di orílẹ̀-èdè.

Ìlú London ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún yẹn tí a fẹ́ kí gbogbo olùkọ́ gbé wọ kíláàsì. Ní ìgbà ìrúwé 1789, Olaudah Equiano, ọkùnrin tó sọ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun àti arábìnrin òun gbé lọ́mọdé, gbé ìwé ìtàn ayé rẹ̀ jáde. Ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà ní 1766. Ìwé náà tà débi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án kó tó kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, William Wilberforce dìde nílé aṣòfin, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta ó lé lórí bí òwò ẹrú ṣe gbọ́dọ̀ dópin. Lọ́dún kan náà ni wọ́n lẹ àwòrán ọkọ̀ Brookes, ọkọ̀ ará Liverpool, mọ́ ara ògiri káàkiri. Àwòrán náà kò ní ariwo nínú rárá: ọkọ̀ ni wọ́n yà bí ẹni ń yàwòrán ilé, àwọn ènìyàn kéékèèké 482 sì dùbúlẹ̀ nínú rẹ̀, orí kan ẹsẹ̀, èjìká kan èjìká. Àyè tí wọ́n fún ọkùnrin kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti ínṣì 16 ní ìbú. Kí olùkọ́ mú okùn ìwọ̀n tí àwọn télọ̀ ń lò, kó fi ẹfun wọn ínṣì 16 sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kó ní kí ọmọ kan sùn sínú rẹ̀. Èjìká ọmọ ọdún 15 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Ìrìn àjò náà a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú òkùnkùn àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọkọ̀ yìí sì ti kó ènìyàn 609 rí lẹ́ẹ̀kan, kí òfin 1788 tó ní kò gbọdọ̀ ju 454 lọ. Àwọn aṣòfin gbọ́, wọ́n rí i, síbẹ̀ ó di ọdún 1807 kí wọ́n tó fòfin de òwò náà.

Sípéènì ní tirẹ̀, ìlẹ̀kùn ló ṣí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì 1789, ọba wọn pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ máa kó ẹrú wọ Cuba fàlàlà. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló la ọ̀nà tí àwọn ẹbí wa gbà di àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́ wó tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀lé e. Àwọn tó ń kí Ṣàngó àti Ọ̀ṣun ní Havana lónìí, ọmọ ìyá wa ni wọ́n.

Ìtàn ọkọ̀ Bounty ti wà nínú sinimá, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ló ń bèèrè ohun tí ọkọ̀ náà rù. Igi eléso kan ni wọ́n ń kó láti Tahiti lọ sí erékùṣù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní West Indies, kí àwọn olóko lè rí oúnjẹ tí kò wọ́n fún àwọn ẹrú wọn, lẹ́yìn tí ìyàn ti pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ ní Jàmáíkà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1789, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sọ ọ̀gá wọn, Bligh, àti ènìyàn 18 sínú ọkọ̀ kékeré láàárín agbami, wọ́n sì da àwọn igi náà sómi. Bligh là á já, ó padà lọ kó òmíràn, ó sì gbé e dé Jàmáíkà ní 1793. Igi yìí kan náà ni wọ́n ń sè èso rẹ̀ jẹ bí iṣu ní Ifẹ̀ lónìí. Ní Brazil, lọ́dún 1789 kan náà, wọ́n tú àṣírí Tiradentes àti àwọn tó fẹ́ gba ara wọn lọ́wọ́ Pọtogí. Ní ìparí ọdún náà, King Jimmy, olóyè Temne kan, dáná sun Granville Town ní Sierra Leone, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú láti London ti tẹ̀dó sí. Freetown tí wọ́n wá kọ́ ní 1792 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan láti Òṣogùn ní 1822, ọmọ tó di Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ọ̀wọ̀ kò sí lábẹ́ Ọ̀yọ́. Bìní ni òwò àti àṣà wa bá tan jù. Akengbuda ni Ọba Bìní nígbà náà. Láti Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n, kí èèyàn sì máa bá a lọ sí Bìní, ojú ọ̀nà àtijọ́ ni, ohun tó bá sì wọ Bìní láti òkun ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ wo ọrùn Ọlọ́wọ̀ lọ́jọ́ ọdún Ìgógó. Iyùn pupa tó kún ibẹ̀, inú òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà ni wọ́n ti ń yọ púpọ̀ nínú irú rẹ̀, tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó o wá fún Bìní. Owó ẹyọ tí wọ́n fi ń ná ọjà, erékùṣù Maldives ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Faransé tilẹ̀ wà nítòsí wa ju bí àwọn ọmọ ṣe rò lọ: ọ̀gá ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Landolphe dá ibùdó òwò sílẹ̀ lẹ́nu odò Bìní ní 1786, ó sì ti mú ọmọ ọba Warri kan lọ sí Faransé kó tó di ìgbà náà. Ará Warri ti rí Paris kí Bastille tó ṣubú. Ní ti àwọn tiwa, àwọn oníṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ ń gbẹ́ eyín erin lọ́nà tí kò sẹ́ni tó lè fara wé wọn. Ẹ̀gbà ọwọ́ àti àwo tí wọ́n gbẹ́ láàárín ọdún 1600 sí 1800 wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní London àti New York lónìí. Ọba, ẹlẹ́ṣin, ọ̀nì, ẹja, gbogbo rẹ̀ ló há sára eyín kan ṣoṣo. Ọmọ Ọ̀wọ̀ tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ baba ńlá rẹ̀ yóò gba físà.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ẹnu kò ní déètì, pé kí la fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ ọdún tí Abíọ́dún wàjà. Ọ̀jọ̀gbọ́n I. A. Akinjogbin ti Yunifásítì Ifẹ̀ ka lẹ́tà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ń kọ láti Ouidah, nítorí pé ìròyìn Ọ̀yọ́ ń dé etí òkun. Ó fi ohun tó rí níbẹ̀ wé ohun tí àwọn arọ́kin sọ, méjèèjì sì tan ìmọ́lẹ̀ síra wọn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe ní Ọ̀wọ̀. A mọ ìtàn Ọlọ́wọ̀ Ọ̀ṣọ́gboyè, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ láàfin Bìní kó tó sá wálé wá jọba. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní okùn méjì, ọ̀kan ní ààfin Ọlọ́wọ̀, ọ̀kan ní ààfin Ọba Bìní. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn olóyè ìhà méjèèjì, tó sì ka ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi mọ́ ọn, yóò lè to àwọn ọba wa sí àyè wọn nínú ọdún. Nígbà tí Ekpo Eyo gbẹ́ ilẹ̀ ní Igbó Lájà ní 1971, tó hú àwọn ère amọ̀ jáde níbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé Ọ̀wọ̀ ń dúró de òyìnbó kí ìtàn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀.

Àkókò kò sì dúró de wá. Ní oṣù Kọkànlá 2020, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n, Ọba Israel Adéùsì, ní Ẹlẹ́gbẹ́ká, lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ̀n, ojú ọ̀nà tí a ń sọ yìí gan-an. Ọgbẹ́ náà kò tíì san lára wa. Lára ohun tí irú ikú bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ ni ohun tí ọba gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé kankan. Àwọn àgbà ń lọ ní Ìdóànì, ní Ìpele, ní Ìjàgbà, ní Ìmèrí, lọ́dọọdún, ohun tó wà níkùn wọn sì ń bá wọn wọ ilẹ̀.

Kábíyèsí Ọlọ́wọ̀, Ọba Ajíbádé Gbádégẹṣin Ògúnóyè Kẹta, ni a kọ́kọ́ ń bẹ̀. Ààfin yín, pẹ̀lú àwọn ugha (àgbàlá) rẹ̀ tó pọ̀ lọ bẹẹrẹbẹ, ni ìwé ìtàn tó tóbi jù tí a ní. Kí ẹ jẹ́ kí a gba ohùn àwọn olóyè tó mọ ohun tí ugha kọ̀ọ̀kan wà fún sílẹ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí ààfin gbọ́dọ̀ kúrò ní ibi tí ọmọ ilé ìwé ń yà lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀: kí wọ́n gba àwòrán gidi àwọn iṣẹ́ eyín erin Ọ̀wọ̀ tó wà lókè òkun, kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, kí àwọn tó ni ín lè rí i títí di ọjọ́ tí wọn yóò dá àwọn ohun náà gan-an padà. Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University wà láàárín wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn sì lè mú wọn wọ ilé àwọn àgbà ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀. Ní ti àwọn olùkọ́, kò dìgbà tí Àbújá bá fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Ẹ fa ilà kan sí pátákó, ẹ kọ 1789 sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ to Ọ̀yọ́, Abomey (olú ìlú Dahomey), Bìní, Àjàṣẹ́, Paris, London, Havana sórí rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ ara wọn fa okùn láti ọ̀kan dé èkejì. Owó tí a ó fi gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ni a ń retí nínú ètò ìsúnná ọdún tó ń bọ̀ ti káńsù Ọ̀wọ̀ àti ti káńsù Ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé ètò náà jáde, a ó ka orí ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì tẹ ohun tí a bá rí níbẹ̀ sójú ewé yìí.